Ẹ má ra orúkọ: ìbọn tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti kógbá sílé, ta ni yóò tún un ṣe?

Ọ̀rọ̀ tòní le díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni. Ìbọn tí à ń kì láti ẹnu la ní lọ́kàn, èyí tí à ń da ẹtù sí lẹ́nu, tí à ń fi ọ̀pá ti ọta lé e lórí, mọ̀lẹ́bí ṣakabùlà tiwa gan-an. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ya àsìkò kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń fi irú ìbọn yìí dọdẹ àgbọ̀nrín. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé lọ́hùn-ún, tí wọ́n ní ilẹ̀ tí wọ́n ń dáko sí, wà lára àwọn tó ń wá a rà. Àlòkù rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Púpọ̀ nínú àlòkù yìí ló sì jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ò sí mọ́, tàbí pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, tàbí pé ó ti jáwọ́ nínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ìpolówó àwọn tó ń tà á: "Wọn ò ṣe é mọ́ o! Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti kógbá sílé! Ẹ tètè rà á kó tó gbówó lórí!"

Tiwa ni pé ẹ̀tàn ni. Tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ìbọn bá kógbá sílé, ńṣe ló yẹ kí owó ìbọn náà wálẹ̀, àyàfi tó bá jẹ́ pé orí ògiri ni ẹ fẹ́ fi kọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ yìn ín, tó fẹ́ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó sì fi iná sí ẹtù níwájú ojú ara rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kó bi olùtà. Kó má bi í pé "Ta ló ṣe é?" Kó bi í pé "Ta ni yóò tún un ṣe?"

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ tí ojú gbogbo ayé tó. Thompson/Center jẹ́ orúkọ ńlá láàárín àwọn ọlọ́dẹ Amẹ́ríkà. Ìlú Rochester, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1970 ni wọ́n gbé ìbọn kan jáde tí wọ́n pè ní Hawken, wọ́n fi ìrísí àwọn ìbọn ayé àtijọ́ ṣe é. Ìbọn yìí wà lára ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn padà sídìí ìbọn tí à ń kì láti ẹnu. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, Smith & Wesson ra ilé iṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù 102 dọ́là. Nígbà tó di 2011, wọ́n ti kó iṣẹ́ kúrò ní Rochester lọ sí Springfield, ní Massachusetts. Nígbà tó di 2021, Smith & Wesson kéde pé àwọn fẹ́ yọwọ́ nínú orúkọ Thompson/Center, àwọn fẹ́ tà á. Lọ́dún 2024, ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà níbẹ̀ rí, Gregg Ritz, ra orúkọ náà padà.

Ẹ kà á dáadáa. Orúkọ kan náà ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó dì í mú yí padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìbọn tí wọ́n ṣe ní Rochester lọ́dún 1980 ń jẹ́ Thompson/Center. Èyí tí wọ́n ṣe ní Springfield lọ́dún 2015 náà ń jẹ́ Thompson/Center. Èwo ni olùtà ń sọ nígbà tó bá na ìka sí orúkọ tó wà lára irin, tó ní "Orúkọ tó dáńtọ́ nìyí"?

Àwọn àgbà ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ rere ń fẹ́ olówó tó máa dáàbò bò ó. Tí olówó orúkọ bá ti lọ, lẹ́tà lásán ni wọ́n kọ sára irin.

A mọ̀ pé ẹnìkan máa fèsì pé Smith & Wesson ṣèlérí lọ́dún 2021 pé àwọn á ṣì máa tọ́jú ìbọn Thompson/Center tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ṣèlérí bẹ́ẹ̀, a ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbà á gbọ́. Àmọ́ ìlérí kò jọ páàtì. Ìlérí kì í wọ ihò skúrù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ẹ̀rọ ìfami rí, tí wọ́n fún yín ní ìwé tó ní "ọdún kan gbáko", tí ẹ wá kiri gbogbo ọjà ìlú láìrí rọ́bà kékeré tó ń dí omi, ẹ mọ ohun tí à ń sọ. Rọ́bà kékeré yẹn ló sọ ẹ̀rọ odindi di àga ìjókòó adìyẹ.

Ìbọn náà ò yàtọ̀. Ẹ wo níìpù, ìyẹn orí kékeré tí kápù iná ń jókòó lé. Iná ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, pípààrọ̀ ni wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Níìpù ti Thompson/Center ní ẹ̀yí tí wọ́n ń pè ní 1/4-28, ìwọ̀n ti Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n ṣe ní Sípéènì àti Ítálì ń lo ìwọ̀n mìlímítà. Méjèèjì fẹ́ jọ ara wọn lójú. Ẹni tí kò mọ̀ á fi ipá wé e wọ inú ihò, ó ti ba ẹ̀yí jẹ́ nìyẹn. Níìpù tí kò dúró ṣinṣin sì lè fò padà wá bá ẹni tó yìn ín lójú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ṣì wà, ìwé pélébé tó bá ìbọn wá á sọ èyí fún yín. Tí ilé iṣẹ́ bá ti lọ, tí ìwé náà sì ti sọnù, ẹnu olùtà ló kù. Ṣé ẹnu olùtà náà wá tó nǹkan tí èèyàn fi ń dáàbò bo ojú ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wá sórí èyí tó dùn wá jù. Ilé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Connecticut Valley Arms, CVA ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, wọ́n ké sí àwọn tó ra irú ìbọn wọn kan pé kí wọ́n dá a padà. Ìbọn ìgbàlódé tí iná rẹ̀ ń ti ẹ̀yìn wọlé tààrà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní inline, àwọn tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn parí sí 95 tàbí 96. Ìdí ni pé ọ̀pá ìbọn náà lè bú mọ́ ẹni tó ń yìn ín. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, lọ́dún 1999, ilé iṣẹ́ míì tó ń jẹ́ Blackpowder Products ra ohun ìní CVA àti orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ lábẹ́ orúkọ CVA. Àwọn tó ra orúkọ yìí fúnra wọn ló ń kìlọ̀ fún aráyé títí dòní pé kí ẹnikẹ́ni má yìn ìbọn tí nọ́ńbà rẹ̀ bá parí bẹ́ẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n inú ìkìlọ̀ kan náà ni wọ́n ti sọ ọ́ kedere pé àwọn ò gba ẹrù ohunkóhun tí wọ́n ṣe tàbí tà ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1998.

Ṣé ó yé yín? Orúkọ kan náà ló wà lára ìbọn. Ẹni tó ni orúkọ náà lónìí ń sọ fún yín pé, "Ìbọn yẹn léwu, ẹ má yìn ín, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbèsè wa." Òfin gbà wọ́n láyè bẹ́ẹ̀, a ò bá wọn jà. Àwa ń bá ẹni tó gbé irú ìbọn yẹn jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jà, tó nu ekuru orí rẹ̀, tó wá ní "Àlòkù CVA rèé, orúkọ ńlá ni, ẹ mú owó wá." Tó bá mọ̀ tí kò sọ, ìkà ni. Tí kò bá mọ̀, kí ló ń wá nídìí títa ìbọn?

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ìbọn ní apátí o, kò ní apátí o, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ kọ òun? Iwájú ìbọn ni wọ́n ń bẹ̀rù. Lára ìbọn tí wọ́n ṣe kù-dìẹ̀-kù-dìẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ náà tó ó bẹ̀rù.

Àwọn tó ń ta ìbọn ní èsì kan tó lágbára, a ò ní fi pamọ́. Wọ́n ní irin kì í kú. Wọ́n ní ìbọn tí wọ́n ṣe dáadáa lè dàgbà ju ilé iṣẹ́ tó ṣe é lọ. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ tó kógbá sílé náà lè jí padà: ṣebí Knight Rifles, tí Tony Knight fi ìbọn MK-85 dá sílẹ̀ lọ́dún 1985, tilẹ̀kùn lọ́dún 2009, tí ilé iṣẹ́ kan ní Athens, ní Tennessee, sì rà á, tó ń bá a lọ? Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àwọn babańlá wa gan-an lè jẹ́rìí sí i. Ìbọn tí a mọ̀ sí Dane, orúkọ àwọn ará Denmark ló ń jẹ́. Lọ́dún 1850 ni àwọn ará Denmark ta odi wọn tó wà ní etíkun Gold Coast fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n palẹ̀ mọ́, wọ́n lọ. Púpọ̀ nínú ìbọn òwò tó wọ ilẹ̀ Áfíríkà nígbà yẹn, Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti ṣe é. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ yẹn tí ọlọ́dẹ ilẹ̀ wa lè kọ lẹ́tà sí. Síbẹ̀ wọ́n lo ìbọn náà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọmọ.

Kí ló wá jẹ́ kó ṣeé ṣe? Ṣé orúkọ Denmark ni? Rárá o. Alágbẹ̀dẹ ni! Alágbẹ̀dẹ tó wà ládùúgbò, tó mọ irin, tó lè rọ apátí míì, tó lè tún igi ìdí ìbọn gbẹ́. Tí ìbọn bá hùwà àìtọ́, wọn ò kọ̀wé sí Birmingham, ẹnu ọ̀nà alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ń gbé e lọ. Àpẹẹrẹ yẹn gan-an ló ti ọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn. Ìbọn lè pẹ́ ju ẹni tó ṣe é lọ níbi tí ẹni tó lè tún un ṣe bá wà. Níbi tí kò bá sí, irin lásán ni, irin tó sì lè pani.

Nítorí náà, a ò sọ pé kí ẹ má rà á. Ohun tí a sọ ni pé ẹ má ra orúkọ. Tí ẹ bá fẹ́ ra irin, ẹ yẹ irin wò. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí:

Àkọ́kọ́, ẹ wádìí bóyá ó ti ní ẹtù nínú. Ẹ má fi ojú wo ẹnu ìbọn o! Ẹ yọ kápù tó bá wà lórí níìpù, ẹ ti ọ̀pá ìkìbọn wọlé títí á fi dúró, ẹ fi ìka sàmì sí ibi tó bá ẹnu ìbọn mu, ẹ yọ ọ́, ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn láti ìta. Ó yẹ kí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí iná ń gbà wọlé. Tó bá ku ìwọ̀n ìka méjì mẹ́ta kó débẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ìbọn tí baba kan kì tó kú, tí ọmọ ń tà láìmọ̀, kì í ṣe ìtàn àlọ́.

Èkejì, ẹ wo inú ọ̀pá. Tó bá ti dá yín lójú pé òfìfo ni, ẹ fi aṣọ mímọ́ sórí ọ̀pá, ẹ fà á lọ fà á bọ̀. Eérú ẹtù dúdú máa ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ irin. Tí aṣọ bá ń kọ́ tàbí tó ń ya, ìpatà ti jẹ inú rẹ̀. Dídán tí ìta ń dán, epo lásán ló lè jẹ́.

Ẹ̀kẹta, lára inline, ẹ ní kí olùtà ṣí irin tó dé ẹ̀yìn ọ̀pá níṣojú yín. Tí kò bá lè ṣí i, a jẹ́ pé wọn ò tọ́jú rẹ̀. Tó bá ní "Ẹ máa ṣí i tẹ́ ẹ bá délé," ẹ dá a lóhùn pé ilé náà lẹ̀ ń lọ báyìí, láìsí ìbọn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ka nọ́ńbà ìdánimọ̀, ẹ sì wádìí rẹ̀ bóyá wọ́n ti pe irú ẹ̀ padà rí. Ẹ fi ti CVA ṣe àríkọ́gbọ́n.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ gbé apátí dé ìdajì, ẹ tẹ ibi tí wọ́n fi ń yìn ín. Kò gbọ́dọ̀ já. Tó bá já, ẹ gbé e padà fún un. Ẹ wo igi rẹ̀ pẹ̀lú, níbi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́, ibẹ̀ ló sábà máa ń sán.

Ẹ̀kẹfà, èyí tó ṣe kókó jù: kẹ́ ẹ tó ra ìbọn, ẹ kọ́kọ́ wá níìpù tàbí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ rà. Bẹ́ẹ̀ ni, páàtì ṣáájú ìbọn. Tẹ́ ẹ bá rí méjì mẹ́ta rà láìsí wàhálà, tẹ́ ẹ sì ti mọ oníṣẹ́ ìbọn kan nítòsí tó ní òun lè tọ́jú irú ẹ̀, ẹ lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Tẹ́ ẹ bá wá a tì, ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹtù náà wà ńbẹ̀. Ẹtù dúdú, tàbí irú Pyrodex tí wọ́n ṣe láti rọ́pò rẹ̀, ni irú ìbọn wọ̀nyí ń jẹ. Ẹtù tí kì í rú èéfín, èyí tó wà nínú ọta ìbọn òde òní, agbára rẹ̀ ju ti ọ̀pá wọn lọ, ó lè fọ́ ọ yángá. Àwọn kan á sọ fún yín pé ìbọn kan wà tó ń lò ó. Lóòótọ́ ni, Savage ṣe ọ̀kan tó ń jẹ́ 10ML-II nítorí ìyẹn gan-an, àwọn náà sì ti ṣíwọ́ ṣíṣe é. Ẹ má wá torí ìyẹn da irú ẹtù bẹ́ẹ̀ sínú Hawken. Ohun tí ìkookò jẹ tí kò kú, ewúrẹ́ jẹ ẹ́, ó di òkú.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin la fẹ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ sọ pé ọ̀nà oúnjẹ yín ni. A gbà. Àmọ́ iṣu jíjẹrà tí ẹ tà fún èèyàn, inú á run ún, á sàn. Ìbọn tó bú, ìka tó lọ ò ní í padà. Ẹ kọ nọ́ńbà ìbọn sórí ìwé fún ẹni tó ń rà á. Ẹ sọ ọdún tí wọ́n ṣe é, ẹ sọ ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ sọ fún un pé ilé iṣẹ́ rẹ̀ ò sí mọ́, kẹ́ ẹ sì yọ owó kúrò nítorí ẹ̀, torí ẹrù tó yẹ kí ilé iṣẹ́ gbé, orí olùrà lẹ ń gbé e kà. Wọ́n máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé ọba tí wọ́n tún kọ́ nìyẹn o. Èyí tó jó tí kò sẹ́ni tó tún un kọ́, ahoro ni, a kì í sì í gba owó ààfin lórí ahoro.

Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà l'Amẹ́ríkà, ẹ tún gbọ́ o. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1968 lọ́hùn-ún kò ka ọ̀pọ̀ nínú irú ìbọn yìí mọ́ ìbọn tòótọ́, ìyẹn ló ṣe rọrùn láti rà. Òfin ìpínlẹ̀ kálukú sì lè yàtọ̀, ẹ bèèrè. Àmọ́ ẹ má torí pé ó rọrùn lọ́dọ̀ yín kẹ́ ẹ wá fi í sínú àpótí ẹrù ránṣẹ́ sí bàbá yín lóko. Nílé níbí, òfin ìbọn dárúkọ ìbọn Dane, ìbọn olókùúta iná àti ìbọn oníkápù. Láìsí ìwé àṣẹ, kò gbọ́dọ̀ bá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni a kì í dédé kó ìbọn wọ̀lú. Bàbá tẹ́ ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́ kó lè máa lé ọ̀yà kúrò lóko lẹ máa sọ di ẹni tí ọlọ́pàá ń wá.

Ibi tí a dúró sí rèé: ẹ fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹni tó ń ta orúkọ. Tí olùtà bá ń ka oríkì ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé fún yín, ẹ jẹ́ kó kà á tán. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ wá bi í ní ìbéèrè wa: "Tó bá bàjẹ́ lọ́la, ta ni yóò tún un ṣe?" Tí kò bá lè dárúkọ ẹnìkan pàtó, kó sì júwe ibi tí onítọ̀hún wà, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kẹ́ ẹ sì kó owó yín padà sápò. Irúgbìn ń dúró dè é.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń múra àtirà, ẹ má sì gbàgbé ẹni tó ń múra àtità. Oko á dára o.